Kọ́kọ́rọ́ Kejì: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Oníléèsì Kan ní Balógun

Léèsì ni màmá tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí ń tà ní ọjà Balógun. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún 55. Agége ló ń gbé, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti kúrò nílé, ọkọ rẹ̀ sì ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ó yọ̀ǹda pé kí n kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè kà á, kí n ṣáà má dárúkọ òun, nítorí náà Màmá Oníléèsì ni n ó máa pè é. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò wọn. Ẹni tó bá ń retí ìtàn obìnrin tó pa ọjà tì, tó lọ ń jókòó sétí òkun, ibí kọ́. Màmá ṣì ń ta léèsì.

Nígbà tó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa, 168 lórí 104 ni BP rẹ̀, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yìn orí ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, ó sì ní òun ò rántí ìgbà tí òun sùn tó wákàtí márùn-ún kẹ́yìn. Bí ìfúnpá bá ti ń jẹ́ 140 lórí 90 sókè léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Tirẹ̀ ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ fún un níbòmíràn, wọ́n fún un lóògùn oríṣi méjì, wọ́n sì fi gbólóhùn tí gbogbo wa mọ̀ kún un: “Màmá, ẹ máa sinmi.” Ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn lẹ́nu àwa òṣìṣẹ́ ìlera púpọ̀. Ẹni tí a bá sọ ọ́ fún á dúpẹ́, á mú káàdì rẹ̀, á sì gba ọjà lọ.

Mo ní kó ka bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ fún mi, kó má fo nǹkan kan.

Aago mẹ́rin ló ń jí. Yóò gbàdúrà, yóò se oúnjẹ tí ọkọ rẹ̀ máa jẹ títí di alẹ́, aago márùn-ún kì í sì í bá a nílé. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá a ní Agége pẹ́nrẹ́n, á bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Oṣòdì, á tún bá òmíràn lórí Third Mainland. Afárá yẹn gùn tó kìlómítà 11.8, ẹni tó bá sì há sí àárín rẹ̀, ojú ọ̀sà ni yóò máa wò. Dánfó méjì ló ń wọ̀, nígbà míì mẹ́ta. Kó tó di aago méje, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ra léèsì kì í dé kó tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá.

Mo bi í pé, “Kí lẹ wá máa ń ṣe láti aago méje sí mẹ́wàá, Mà?”

“Mo máa ń jókòó ni, Nọ́ọ̀sì. Mò ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù.”

Oúnjẹ àkọ́kọ́ di ọ̀sán, ohun tí ọlọ́jà kan bá gbé kọjá ni. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń ti ṣọ́ọ̀bù, aago mẹ́sàn-án ló ń wọlé. Lẹ́yìn náà ni WhatsApp á tó bẹ̀rẹ̀: ìyá ìyàwó kan fẹ́ rí àwọ̀ mẹ́fà, ẹlòmíì ní àwọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun lánàá kò jọ èyí tí òun rí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀kẹta fẹ́ kí wọ́n dín owó kù nítorí pé èèyàn 60 ló máa wọ aṣọ ẹbí náà. Ó máa ń di òru kó tó fi fóònù sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló sì burú jù. Ẹni tó ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ rẹ ń retí pé kí o yọjú síbi ìnáwó náà, kí o wọ ọ̀kan nínú rẹ̀, kí o sì mú àpò ìwé tí owó wà nínú rẹ̀ dání. Bí o kò bá lọ, ọmọ rẹ̀ tó kàn á ra aṣọ tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Nítorí náà, tó bá ti ta ọjà Sátidé di ọ̀sán, Ìkòròdú ni, tàbí Ìkẹjà, tàbí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ìpàdé ẹgbẹ́.

A jọ ṣírò rẹ̀. Wákàtí 11 ní ṣọ́ọ̀bù láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, 55 nìyẹn, a ò tíì ka Sátidé, a ò tíì ka ọ̀nà, a ò sì ka WhatsApp. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìwádìí kan jáde lórí wákàtí iṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ lórí rẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ, ewu ikú àrùn ọkàn sì fi ìdá 17 nínú 100 jù ú lọ. Wọ́n fojú bù ú pé èèyàn 745,000 ni irú iṣẹ́ àṣejù bẹ́ẹ̀ pa káàkiri ayé lọ́dún 2016 nìkan. Mo sọ èyí fún Màmá. Ó gbọ́ ọ, ó wá ní, “Nínú ọjà tiwa yìí, ta ni kì í ṣe é?” Òótọ́ ni. Bí gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù bá ti ń ṣí ní aago méje, ẹni tó bá dé ní mẹ́sàn-án á dà bí ẹni tí ọjà ti kú lé lórí, àwọn aládùúgbò á sì máa béèrè bóyá àlàáfíà wà.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló wá là mí lójú. Mo bi í bó ṣe ń lò ó. Ó ní òun ń lò ó. Mo tún bi í: lójoojúmọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní “Sọ́ńdè, Nọ́ọ̀sì. Àti ọjọ́ tí mi ò bá lọ sọ́jà.”

Ọ̀kan nínú oògùn méjèèjì jẹ́ irú èyí tó ń mú omi kúrò lára, tó máa ń mú ni tọ̀ léraléra. Ilé ìtọ̀ tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sí nítòsí rárá, ká sọ òótọ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kó gba àárín èrò kọjá, kó sanwó, kó tó dúró lórí ìlà. Owó náà kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro ni pé bí ó bá lọ, kò sí ẹni tó lè tajà. Ọmọkùnrin kan ń bá a ṣiṣẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà sì ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ iye tí wọ́n lè jálẹ̀ dé lórí ọjà kankan nínú àwọn méjèèjì. Oníbàárà tó bá dé nígbà tí Màmá kò sí, wọ́n á ní kó jókòó. Ní Balógun, ta ló ń jókòó? Ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà lápá ọ̀tún, òmíràn wà lápá òsì.

Kí ló wá ṣe? Ó pa oògùn tì. Nígbà tó yá, ó pa omi náà tì. Láti ìgbà tó bá ti jáde nílé títí di ìrọ̀lẹ́, kì í mu omi tó kún ife kan. Nínú ooru Èkó, nínú ṣọ́ọ̀bù tí àpò léèsì kún dé òkè àjà. Orí fífọ́ tó ń mú un wá sọ́dọ̀ wa, ó ṣeé ṣe kí òǹgbẹ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ wíwú náà, ìjókòó gígùn wà níbẹ̀, amlodipine tó jẹ́ oògùn kejì sì lè mú ẹsẹ̀ wú lára àwọn míì. Dókítà wa yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó pààrọ̀ ohun tó yẹ ní pípààrọ̀. (Kí ẹnikẹ́ni tó ń kà á má fúnra rẹ̀ pààrọ̀ tirẹ̀ o, kó má sì dá a dúró nítorí ilé ìtọ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ fún ẹni tó kọ oògùn fún yín.)

Ẹ wá wò ó. Ẹni tí kò lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ tọ̀ la ń sọ fún pé kó lọ sinmi.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbìyànjú o. Wọ́n mú un lọ sí Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ àkọ́bí fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní orí fóònù ló ti lo ọ̀sẹ̀ ọ̀hún: “Èwo? Aláwọ̀ wúrà àbí aláwọ̀ ọsàn? Dúró, jẹ́ kí n rí i. Yà á kó o fi ránṣẹ́.” Ọjọ́ karùn-ún ló padà sí Èkó. Abígbẹ̀yìn sanwó kan fún un níbi tí wọ́n ti ń fi òróró wọ́ ara ní Lẹ́kí, ibi tó tutù, tí orin ń dún jẹ́jẹ́, tí wọ́n ń fún èèyàn ní omi tí kùkúḿbà léfòó nínú rẹ̀. Màmá dojú bolẹ̀, òróró wà lẹ́yìn rẹ̀, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń bá oníbàárà nájà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, tó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́nà ìpadàbọ̀, ó lo wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀. Mi ò bínú sí àwọn tó ń ta irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ó dára fún ẹni tí àyè bá gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní àyè tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń tà á fún. Kò lè dá àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní in.

Mo wá béèrè pé, “Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, mélòó ló wà?”

Ẹyọ kan. Etí ìró rẹ̀ ló ń so ó mọ́.

Ìdí tí kò fi fún ẹlòmíì pọ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìwà òmùgọ̀ nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni owó ọjà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, iye tí wọ́n fi ń kó léèsì wọlé láti Austria, Íńdíà tàbí Ṣáínà kì í dúró lójú kan. Ohun tó ta ní iye kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó bá tún tà á ní iye yẹn lónìí, owó tí yóò fi rà á padà kò ní pé. Orí rẹ̀ ni gbogbo ìṣirò náà wà. Gbèsè wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ta ló san àbọ̀, ta ló ní òun máa san lẹ́yìn òde, ta ni kò gbọdọ̀ rí àwìn gbà mọ́ láéláé. Kò kọ ọ́ síbì kankan. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé ọmọkùnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kó ọjà sá lọ. Láti ìgbà náà ló ti pinnu pé kọ́kọ́rọ́ kò tún ní kúrò lára òun.

Kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀ nípa ọjà títà? Ohun tí mo lè ṣe ni kí n pè é pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí wọ́n jókòó, kí n fi BP náà hàn wọ́n. Ọmọbìnrin náà ló sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ó sì hàn pé ó ti pẹ́ tó ti ń rò ó. Ó ní kí wọ́n fi ìwé pélébé sábẹ́ léèsì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á sísàlẹ̀ rẹ̀, kí Màmá máa yí iye náà padà ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè. Kí wọ́n kọ gbèsè sínú ìwé. Kí gbogbo tiransifá máa wọ àkáǹtì kan ṣoṣo, kí alẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa dún lórí fóònù Màmá. Kí wọ́n máa ka ọjà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí wọ́n gé kọ́kọ́rọ́ kejì.

Màmá gbà, tipátipá. Wọ́n gé kọ́kọ́rọ́. Kò pẹ́ sígbà náà, ọmọbìnrin yìí ta léèsì yáàdì márùn-ún kan, ó fi 40,000 náírà dín sí iye tó yẹ, nítorí pé wọn kò tíì yí ìwé abẹ́ rẹ̀ padà. Màmá gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo tún wọn BP rẹ̀, ó ti fò sókè padà, ó sì ń sọ fún mi pé òun ṣáà ti sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá ló yanjú rẹ̀, èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bi í pé: “Ọmọkùnrin tó kó ọjà rẹ sá lọ ní ọjọ́sí, ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà?” Ọwọ́ Màmá ni. “Ta ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù?” Màmá náà ni. Ó dákẹ́ síbẹ̀. Wọ́n pe 40,000 yẹn ní owó ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kọ́kọ́rọ́ sì padà sọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń wàásù ìsinmi gbọ́ èyí dáadáa: ìsinmi ń gbówó. Kò sí ọlọ́jà tí yóò gbé ọwọ́ kúrò lórí ọjà rẹ̀ láì pàdánù nǹkan kan. Ó sàn kí a sọ fún un tẹ́lẹ̀, kó fi í sínú ìṣirò, ju kó bá a lójijì.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ ti ya àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, láti aago 7 sí 10, sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó ọjà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa tajà lásìkò yẹn. Wákàtí mẹ́ta gbáko nìyẹn tí gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, tí kò sí aládùúgbò tó lè sọ pé ọjà Màmá ti kú. Tẹ́lẹ̀, ó ṣì máa ń kúrò nílé ní aago márùn-ún lọ́jọ́ náà, kó lè dúró ti ọmọkùnrin tó ń gbálẹ̀. Ní báyìí, ọmọkùnrin náà ń gbálẹ̀, ọmọbìnrin náà ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní mẹ́wàá, Màmá ń dé ní ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ kò dùn mọ́ ọn. Ó jí ní mẹ́rin bó ṣe máa ń jí, ó fọ gbogbo aṣọ ilé, ó tún kíṣìnì tò, aago mẹ́jọ ti mú un ní ìlẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Mo ti ń rò ó pé kí n ní kó máa rìn káàkiri pápá ìṣeré Agége láràárọ̀, nítorí ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná díẹ̀. Ó rìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ti rin ìrìn tó tó nínú Balógun. N kò bá a jiyàn.

Ohun tó mú un jókòó, òun fúnra rẹ̀ ló rí i. Irun ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi wíìgì àti gèlè bo orí nítorí pé kò ní àsìkò onídìrí. Onídìrí kan wà lẹ́yìn ilé wọn, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá rárá, tó sì lẹ́nu. Màmá jókòó sórí àpótí, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún obìnrin náà. Ọwọ́ kò lè yí síbí yí sọ́hùn-ún, fóònù wà nínú ilé, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ àdúgbò, ta ló bí, ta ló kó lọ, ta ni lándíọ̀dù tún fẹ́ lé jáde. Ìdajì kólẹ́sẹ̀ náà, oorun ló fi sùn. Ó sọ fún mi pé, “Nọ́ọ̀sì, ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn mí lórí báyìí kẹ́yìn.” Nígbà tó bá tú u, ó tún padà síbẹ̀ ni. Ọjọ́bọ̀ tí kò bá dirun, á fi epo sí i, á mu ẹ̀kọ gbígbóná, á jókòó ti Bàbá ní ìta. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ kò kàn mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi kọ orúkọ sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà rọrùn díẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń kó èrò láti Agbádó títí dé Òyìngbò, ó sì ń dúró ní Agége. Bàbá tó lo gbogbo ayé rẹ̀ ní rélùwéè ló lọ ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ fún un, ó ń fi yangàn bí ẹni pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ to irin náà. Nítorí pé ọmọbìnrin náà ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, Màmá lè wọ ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ lẹ́yìn tó bá ti jẹun tó sì ti lo oògùn, kó wọ bọ́ọ̀sì láti Òyìngbò sọdá sí Èkó. Kò yára ju dánfó aago márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n kì í jà fún ìjókòó nínú òkùnkùn mọ́, ó sì ń sùn dé aago márùn-ún ààbọ̀.

Ti Sátidé kò lọ bẹ́ẹ̀. Ó dín òde kù sí ọ̀kan lóṣù, ó ń fi àpò ìwé rán ọmọbìnrin náà lọ síbi tó kù. Oníbàárà àtijọ́ kan kò dárí jì í. Ó ra aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kejì ní ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ti Màmá, ó sì rí i dájú pé Màmá ń wo òun bí wọ́n ṣe ń dì í. Ó dun Màmá gan-an. Ó ṣì ń dùn ún.

Ìgbà tí mo wọn BP rẹ̀ kẹ́yìn, 136 lórí 86 ni. Mi ò ní purọ́ pé irun dídì ló mú un wálẹ̀. Oògùn ni, lójoojúmọ́, pẹ̀lú omi tó ń mu báyìí, àti iyọ̀ tó dín kù nínú ọbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó ń jẹun nílé kó tó jáde. Ṣùgbọ́n kì bá tí rí oògùn náà lò bí kò bá sí ẹni tó lè tajà nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀. WhatsApp ṣì ń gba òru mọ́ ọn lọ́wọ́. Àdéhùn wa ni aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó sì ń yẹ̀ ẹ́.

Dìsẹ́ńbà ń bọ̀, àsìkò tí Balógun kì í mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán, Màmá sì ti ń sọ pé kí a jẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ lọ sinmi fún oṣù kan. Mi ò gbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣègbéyàwó lẹ́yìn ọdún tuntun, Ìbàdàn ni ọkọ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló sì ń lọ. Wọ́n ti ń kọ́ ọmọkùnrin tó ń gbálẹ̀ náà ní orúkọ léèsì àti bí wọ́n ṣe ń ka ìwé abẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn ló tajà fún ìgbà àkọ́kọ́ láì bi ẹnikẹ́ni, iye rẹ̀ sì pé. Màmá kò tíì sọ pé òun máa fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nìyẹn nígbà tó bá tún wá wọn BP, Bàbá sì ti ní òun ń tẹ̀ lé e bọ̀.